Ọjà tó dé ọwọ́ Màmá kọ́ lẹ sanwó fún? Ẹ wá páálí ẹ̀ ká tó bá ọlọ́jà jà

Ẹ̀yin Àǹtí tẹ́ ẹ ra fírísà fún Màmá ní Òṣogbo, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ kú ìnáwó, ẹ sì kú àìsùn, torí mo rí i pé aago mẹ́ta òru lẹ kọ ọ̀rọ̀ yín. Bó ṣe yé mi nìyí: Lọ́ńdọ̀nù lẹ wà, ẹ fi káàdì yín ra fírísà lítà 200 lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Lítà 100 ni wọ́n gbé wá. Màmá fọwọ́ sí ìwé, ẹni tó gbé e wá bá tiẹ̀ lọ, ọjọ́ kẹrin lẹ tó fojú rí i nígbà tẹ́ ẹ ń bá Màmá sọ̀rọ̀ lórí fídíò. Ní báyìí ọlọ́jà ní ẹ ti ya páálí, Màmá ti buwọ́ lù ú, àti pé wọ́n kọ ọ́ sára rìsíìtì pé owó tó bá ti wọlé kì í jáde mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ tèmi. Lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, mo ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru fún Bàbá mi ní Ìlọrin, èyí tí wọ́n máa ń wé mọ́ apá. Èyí tí wọ́n ń dè mọ́ ọrùn ọwọ́ bí aago ló dé. Bàbá ò mọ̀yàtọ̀. Àràárọ̀ ni wọ́n ń lò ó, tí wọ́n ń ka nọ́ńbà sí mi létí lórí fóònù, tí èmi náà ń dúpẹ́. Ó tó ọ̀sẹ̀ kejì kí n tó ní kí àbúrò mi ya fọ́tò ẹ̀. Mo pe ọlọ́jà, wọ́n ní kí n fi síkà ara páálí, ìyẹn bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn, hàn wọ́n. Páálí kẹ̀? Ìyá mi ti ya ìdérí ẹ̀ fi bo ike èlùbọ́, èyí tó kù ti bá pàǹtí lọ. Wọ́n wá bi mí pé báwo ni àwọn ṣe fẹ́ mọ̀ pé ohun tí àwọn gbé wá nìyẹn. Mi ò rí èsì fọ̀. Mo jàre, àmọ́ owó mi wọmi, torí ọwọ́ mi ṣófo.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kẹ́ ẹ fi ọlọ́jà sílẹ̀ ná, kẹ́ ẹ pe ilé. Mo rí àwọn tó ń gbà yín níyànjú pé kẹ́ ẹ lọ bú wọn lórí Instagram. Ẹ má fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ kẹ́ ẹ máa pa làpálàpá. Àwa tá a wà lẹ́yìn odi la ń sanwó, àwọn ará ilé ló ń gba ọjà, àárín àwa méjèèjì yìí sì ni ẹ̀rí máa ń sọnù sí. Ẹ bi Màmá níbi tí páálí wà. Bó bá ti dé ẹ̀yìnkùlé, kí wọ́n gbé e wọlé kí òjò má pa á. Kí wọ́n yọ fírísà náà kúrò lára iná, kí wọ́n kó ẹran inú ẹ̀ sí ti aládùúgbò. Mo mọ̀ pé ìyẹn máa nira fún Màmá, àmọ́ bí wọ́n bá ń lò ó lọ, ọlọ́jà á ní ẹ ti gbà á.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá ọmọ kan ládùúgbò tí fóònù ẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa. Kì í ṣe Màmá ni kó ya fọ́tò o, àtàǹpàkò nìkan lẹ máa rí. Kí ọmọ náà ya síkà ara páálí níbi tí nọ́ńbà ọjà yín àti orúkọ ẹni tó gba ọjà wà. Kó yí fírísà náà padà, kó wo ẹ̀yìn ẹ̀ lápá ìsàlẹ̀, nítòsí ibi tí kọ́mpúrẹ́sọ̀ wà. Ó sábà máa ń ní síkà kan níbẹ̀ tí wọ́n kọ módẹ́ẹ̀lì àti iye lítà sí. Fọ́tò síkà yẹn nìkan tó ìdajì ẹjọ́ yín, torí kò sẹ́ni tó lè bá a jiyàn. Kó fi téèpù wọn gíga àti fífẹ̀ ẹ̀ bó bá rí téèpù. Bó bá fẹ́ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, kó fi í ránṣẹ́ bí ìwé, kó má fi í ránṣẹ́ bí fọ́tò lásán, torí WhatsApp máa ń fún fọ́tò pọ̀, nọ́ńbà kékeré á sì di bàìbàì.

Tiyín níbẹ̀ yẹn ni pé kẹ́ ẹ ya àwòrán ojú fóònù yín níbi tí wọ́n ti polówó fírísà náà, pẹ̀lú iye lítà tí wọ́n kọ síbẹ̀, kí wọ́n tó lọ yí i padà. Ìṣẹ́jú kan ni wọ́n fi ń yí i. Ẹ wá ímeèlì tí wọ́n fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ rà á. Gbogbo ohun tẹ́ ẹ ti bá wọn sọ lórí WhatsApp, ẹ tọ́jú ẹ̀ síbòmíì, torí ọlọ́jà lè pa tiẹ̀ rẹ́.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ "owó kì í jáde mọ́" yẹn. Ìjọba àpapọ̀ ní òfin kan tí wọ́n ń pè ní Federal Competition and Consumer Protection Act, ti 2018. Ẹsẹ 122 nínú ẹ̀ sọ pé ẹni tí kò láǹfààní láti yẹ ọjà wò kí wọ́n tó gbé e wá lè kọ̀ ọ́ láàárín àsìkò tó bójú mu, bí ọjà náà ò bá bá bí wọ́n ṣe ṣàpèjúwe ẹ̀ mu, kó sì gba owó ẹ̀ pé. Ohun tẹ́ ẹ rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì gan-an nìyẹn. Ìwé tí ọlọ́jà fi òǹtẹ̀ lù ò lè borí òfin. Ìbuwọ́lù Màmá fi hàn pé páálí dé, kò fi hàn pé ohun tó wà nínú ẹ̀ tọ̀nà. Yíya páálí ńkọ́? Ta ló fẹ́ mọ ohun tó wà nínú páálí láì ya á? Àmọ́ ẹ kíyè sí "àsìkò tó bójú mu" yẹn. Òfin ò dárúkọ iye ọjọ́. Ọjọ́ kẹrin ṣì dáa. Bẹ́ ẹ bá fi í falẹ̀ di oṣù méjì, ọ̀rọ̀ á yí padà.

Ẹ kọ̀wé sí wọn lẹ́ẹ̀kan, kó kúrú, kó má léèébú nínú. Gẹ̀ẹ́sì ni kẹ́ ẹ fi kọ ọ́, torí báǹkì yín lè kà á lọ́jọ́ iwájú. Ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀ nìyí: "Ọjọ́ báyìí ni mo ra fírísà lítà 200, nọ́ńbà ọjà rẹ̀ rèé. Ọjọ́ báyìí ló dé. Lítà 100 ni èyí tó dé, fọ́tò síkà ẹ̀yìn rẹ̀ rèé. Mi ò gbà á. Ẹ wá gbé e níbi tẹ́ ẹ gbé e sí, kẹ́ ẹ dá owó mi padà sórí káàdì tí mo fi san án. Ẹ fún mi lésì kó tó di ọjọ́ báyìí." Ẹ fún wọn ní bí ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ má fi owó ara yín gbé fírísà náà padà bí wọn ò bá tíì kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn á gbà á.

Ohun kan tún wà tó máa ń ba ẹjọ́ jẹ́. Nọ́ńbà ta ló wà lórí àkáǹtì tẹ́ ẹ fi rà á? Bó bá jẹ́ ti Màmá, Màmá ni wọ́n máa pè. Wọ́n á ní "Mà, ṣé ẹ ti rí ọjà yín gbà?" Màmá á ní "Bẹ́ẹ̀ ni o, ẹ ṣé gan-an, Ọlọ́run á bù kún yín." Ó parí nìyẹn, wọ́n ti pa ẹ̀sùn yín dé. Ẹ tètè sọ fún Màmá pé ẹnikẹ́ni tó bá pè lórí ọ̀rọ̀ fírísà, kí wọ́n ní "Ẹ pe ọmọ mi." Kí wọ́n má sì ka nọ́ńbà kankan tó bá wọlé sórí fóònù wọn fún ẹnikẹ́ni, torí àwọn gbájú-ẹ̀ náà mọ̀ pé ẹni tó ń retí owó máa ń tètè gbà gbọ́.

Bí ọlọ́jà bá dákẹ́ tàbí tó kọ̀, káàdì yín ni kẹ́ ẹ bá sọ̀rọ̀. Bó bá jẹ́ kírẹ́díìtì káàdì, ẹsẹ 75 nínú òfin Consumer Credit Act ti 1974 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mú báǹkì mọ́ ọn pẹ̀lú ọlọ́jà, bí iye ọjà náà bá ju £100 lọ tí kò sì kọjá £30,000. Ẹ má jẹ́ kí òṣìṣẹ́ báǹkì sọ fún yín pé torí Nàìjíríà lẹ ti rà á ni kò fi kan àwọn. Ilé ẹjọ́ tó ga jù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti dá a lẹ́jọ́ ní 2007 pé ọjà tí wọ́n rà nílẹ̀ òkèèrè náà wà nínú ẹ̀. Bó bá jẹ́ dẹ́bíìtì káàdì, ẹ ní kí wọ́n bá yín ṣe chargeback, ìyẹn ni pé kí báǹkì yín bá yín gba owó náà padà lọ́dọ̀ ọlọ́jà. Ọjọ́ 120 ni Visa àti Mastercard sábà máa ń fúnni, àmọ́ ẹ má dúró dìgbà yẹn. Wọ́n á bi yín bóyá ẹ ti bá ọlọ́jà sọ ọ́, bóyá ẹ sì ti gbìyànjú láti dá ọjà padà. Lẹ́tà kúkúrú tẹ́ ẹ kọ yẹn ni ìdáhùn. Ẹ̀yin ará wa ní Amẹ́ríkà, òfin Fair Credit Billing Act ni tiyín, ó sì fún yín ní ọjọ́ 60 láti ìgbà tí báǹkì bá fi ìwé ìṣirò àkọ́kọ́ tí owó yẹn wà nínú ẹ̀ ránṣẹ́. Kírẹ́díìtì káàdì nìkan nìyẹn wà fún.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fi owó ránṣẹ́ sí àbúrò yín kí wọ́n bá yín rà á, ọ̀rọ̀ yín ò rí bẹ́ẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tó bá yín fi owó ránṣẹ́ ti ṣiṣẹ́ wọn, owó dé. Àbúrò yín ló ra ọjà, òun ló sì máa bá ọlọ́jà àti báǹkì tiẹ̀ sọ ọ́. Èyí tó sì le jù ni tíránsífà sínú àkáǹtì ẹni tẹ́ ẹ pàdé lórí Instagram. Báǹkì ò lè ṣàdédé fa owó tẹ́ ẹ fọwọ́ ara yín fi ránṣẹ́ padà. Èmi ò ní parọ́ fún yín, ọ̀pọ̀ irú owó bẹ́ẹ̀ ló ti lọ ná.

Bí káàdì ò bá ṣeé lò, FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbèjà àwọn oníbàárà, ń gba ẹ̀sùn lórí ìkànnì wọn, kò pọn dandan kẹ́ ẹ wà nílé. Bó bá jẹ́ Èkó ni ọlọ́jà wà, LASCOPA tó jẹ́ àjọ ìpínlẹ̀ Èkó fún àwọn oníbàárà náà ń bá wọn pe ìjókòó. Èkó tún ní kóòtù Small Claims láti 2018, fún owó tí kò ju mílíọ̀nù márùn-ún náírà lọ. Èèyàn lè lọ láì gba lọ́yà, wọ́n sì fẹ́ kí ẹjọ́ parí láàárín ọjọ́ 60. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ kọ̀wé béèrè owó yín ná, ẹnì kan sì gbọ́dọ̀ máa lọ jókòó níbẹ̀ fún yín. Tìtorí fírísà kan, èmi ò ní rán àbúrò mi lọ, àyàfi bí inú bá ń bí òun náà.

Ọlọ́jà lè wá fi owó díẹ̀ bẹ̀ yín. Bí Màmá bá ní fírísà kékeré náà tó àwọn, tí ọlọ́jà sì fẹ́ dá ìyàtọ̀ owó padà, ẹ gbà á, kò sóhun tó burú níbẹ̀. Ìyàtọ̀ owó ni kẹ́ ẹ gbà o, kì í ṣe káàdì ẹ̀bùn láti fi ra ọjà míì lọ́wọ́ wọn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ iye ẹ̀ sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì mọ̀ pé bẹ́ ẹ bá ti gbà á, ọ̀rọ̀ tán. Bí wọ́n bá ní àwọn á san án sínú àkáǹtì náírà, ẹ ṣírò iye pọ́n-ùn tó máa dà lọ́jọ́ náà kẹ́ ẹ tó ní ó dáa.

Nígbà míì tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra nǹkan ránṣẹ́ sílé, ẹ pe ilé kí ọjà tó dé, ẹ ní kí ẹnì kan máa ṣe fídíò láti ìgbà tí páálí bá ti wọ ẹnu ọ̀nà, kó má dá a dúró títí wọ́n á fi ya á tán. Bí ẹni tó gbé e wá bá ń kánjú, kí Màmá kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbuwọ́lù wọn pé àwọn ò tíì yẹ̀ ẹ́ wò.

Bẹ́ ẹ bá ti rí páálí yẹn, ẹ padà wá sọ orúkọ tó wà lára síkà ẹ̀ fún wa, ṣé ilé ìtajà tẹ́ ẹ sanwó fún ni àbí oníṣòwò míì tó ń tajà lábẹ́ wọn. Ìyẹn la máa fi mọ ẹni tó yẹ kẹ́ ẹ darí lẹ́tà yẹn sí.