Ṣé bákan náà ni sìgá àti kọfí ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú ọpọlọ?

Rárá, ọ̀nà wọn yàtọ̀: nikotíìnì inú tábà máa ń ta ọpọlọ jí ní tààrà, nígbà tí kaféènì inú kọfí kàn ń dí ọ̀nà mọ́ ohun tó ń mú oorun kunni.

Bí èèyàn bá fa èéfín sìgá, láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 10 sí 20 ni nikotíìnì ti ń dé ọpọlọ. Àyè tí acetylcholine, kẹ́míkà ara kan, máa ń jókòó sí ló máa gbà, bíi kọ́kọ́rọ́ àyédèrú tó ṣílẹ̀kùn. Ọpọlọ á wá tú dopamine jáde, èyí tó ń jẹ́ kí ara fẹ́ tún un ṣe. Ibẹ̀ ni bárakú ti ń bẹ̀rẹ̀. Tó bá fi máa tó nǹkan bíi wákàtí 2, ìdajì nikotíìnì náà ti kúrò lára.

Ní ti kaféènì, àyè adenosine ló ń gbà. Adenosine yìí ló ń pọ̀ sí i bí a bá ti ń pẹ́ lójúfò, tí ojú á fi máa wúwo. Àárẹ̀ ò lọ o, a kàn ò gbúròó rẹ̀ ni.



Ohun kan wà níbẹ̀ ṣá: èéfín sìgá máa ń jẹ́ kí ẹ̀dọ̀ tètè palẹ̀ kaféènì mọ́. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáwọ́ nínú sìgá lè rí i pé iye kọfí tó ń mu tẹ́lẹ̀ kò jẹ́ kí òun rí oorun sùn mọ́.