Ṣé Iṣẹ́ Ni Ọlọ́hun Ń Fi Aago 11:11 Rán sí Wa?

Ìbéèrè: Ààfáà wa, àsàlámù aláékúmù. Ọ̀rọ̀ kan ti dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwa ọ̀dọ́ àsàlátù wa. Ọ̀kan nínú wa ní bí òun bá ti gbé fóònù, aago 11:11 ni òun máa ń bá níbẹ̀. Ó wá ṣí Súrà Húúdù, tí í ṣe súrà kọkànlá, ní áyà kọkànlá, ó bá ìlérí àforíjìn àti ẹ̀san ńlá fún àwọn onísùúrù, ó sì ní Ọlọ́hun ló ń sọ fún òun pé kí òun má fi iṣẹ́ òun sílẹ̀. Àwọn kan gbà á gbọ́, àwọn kan ní ó ti di ọ̀ṣẹbọ. Ta ló jàre?

Ìdáhùn: Wa aléékúmù sàlámù. Ọpẹ́ ni ti Ọlọ́hun, kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì Muhammad.

Ìhà méjèèjì ló ṣì í, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ àwọn tó pè é ní ọ̀ṣẹbọ ni n óò ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ahọ́n wọn yá ju ìmọ̀ wọn lọ. Kí nǹkan méjì ṣe kòńgẹ́ ara wọn, kí inú ènìyàn sì dùn sí i, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ní Hudaybiyah, nítòsí Mákà, ní ọdún 6 Hijra, nígbà tí àwọn Kuraeṣi, ẹ̀yà tó ń ṣàkóso Mákà nígbà náà, rán Suhayl ọmọ Amr wá láti jíròrò àdéhùn, Ànábì sọ fún àwọn sàhábà rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ wọn ti rọrùn, nítorí pé ìrọ̀rùn wà nínú orúkọ ọkùnrin náà. Ó wà nínú ìwé hádíìsì Bukhari. Òun kan náà ló sọ pé kò sí tíyárà, ìyẹn kíka nǹkan sí àmì ibi, ṣùgbọ́n pé faalí wu òun. Nígbà tí wọ́n bi í pé kí ni faalí, ó ní ọ̀rọ̀ rere tí ènìyàn bá gbọ́ ni.

Hádíìsì Suhayl yìí gan-an ni ìhà kejì, àwọn tó gba irú ọ̀rọ̀ arákùnrin yín gbọ́, máa ń gbé kọ́rùn, wọn kò sì kà á láti ìbẹ̀rẹ̀. Kí Suhayl tó dé rárá ni Ànábì ti búra pé ohunkóhun tí àwọn Kuraeṣi bá béèrè tí yóò bu ọ̀wọ̀ fún àwọn ohun tí Ọlọ́hun ṣe ní ọ̀wọ̀, òun yóò gbà fún wọn. Ìpinnu ti wà nílẹ̀. Orúkọ náà kàn mú inú rẹ̀ dùn ni. Bí ẹnìkan bá sì ní ṣebí ràkúnmí rẹ̀ kúnlẹ̀ lọ́nà, tí Ànábì sì ní Ẹni tó dá erin dúró, ìyẹn Ọlọ́hun tí kò jẹ́ kí erin ọmọ ogun Abraha wọ Mákà, ló dá a dúró, èsì mi ni pé ẹni tí ìṣípayá ń sọ̀kalẹ̀ fún ló sọ bẹ́ẹ̀. Èwo nínú yín ni Jibrilu ń bẹ̀ wò?

Ohun tí arákùnrin yín ṣe yàtọ̀: ó fi aago àti Àlùkùráánì ṣe adájọ́ lórí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ rẹ̀. Nínú mazhab Imaamu Maliki, ìyẹn ọ̀nà òfin ẹ̀sìn tí a ń tẹ̀lé, onímọ̀ kan tí ń jẹ́ At-Turtushi sọ pé kí ènìyàn máa ṣí Àlùkùráánì láti fi wá faalí, èèwọ̀ ni, Al-Qarafi, onímọ̀ mazhab kan náà, sì gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀, nítorí pé ó jọ ọfà tí àwọn Lárúbáwá ayé àìmọ̀kan fi ń ṣẹ́ kèké, èyí tí Ọlọ́hun ṣe léèwọ̀ ní Súrà Máídà, áyà 3. Àwọn ààfáà tó ń tẹ yanrìn, tí wọ́n sì ń ṣí Tírà woṣẹ́ fún àwọn oníbàárà, mọ ìdájọ́ yìí dáadáa. Ohun tí wọ́n ń jẹ níbẹ̀ ni kò jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́.

Ẹ tún wo nọ́ńbà náà fúnra rẹ̀. Súrà Bákárà jẹ́ áyà 286 ní ìkà àwọn ará Kufa ní Iraq, ó sì jẹ́ 285 ní ìkà àwọn ará Mádínà, láìsí pé ọ̀rọ̀ kan dín níbẹ̀. Kíkà àwọn onímọ̀ ni èyí. Bí aago bá sì lu 11:11 òwúrọ̀ ní Nàìjíríà, 1:11 ọ̀sán ni ní Mákà. Arákùnrin yìí ń wo fóònù ní àìmọye ìgbà lójúmọ́, 10:47 àti 2:36 kò sì dúró sí i lọ́kàn.

Bí ìṣekòńgẹ́ kan bá wà tó yẹ kó ní ìtumọ̀, ti ọdún 10 Hijra ni. Ibrahim, ọmọ Ànábì, kú, oòrùn sì wọ òòkùn lọ́jọ́ náà gan-an, àwọn ènìyàn ní nítorí ikú rẹ̀ ni. Ẹni tó ń wá ọlá fún ara rẹ̀ ì bá dákẹ́. Ànábì kò dákẹ́: ó ní oòrùn àti òṣùpá jẹ́ méjì nínú àwọn àmì Ọlọ́hun, wọn kì í ṣókùnkùn nítorí ikú tàbí ìwàláàyè ẹnikẹ́ni, bí ẹ bá sì rí i, ẹ kírun. Àmì agbára Ọlọ́hun ni, kì í ṣe ìròyìn nípa ilé ẹnìkan.

Nítorí náà, arákùnrin yín kì í ṣe ọ̀ṣẹbọ, ṣùgbọ́n ó gbé ọ̀rọ̀ lé Ọlọ́hun lórí láìní ìmọ̀, Súrà Isirai, áyà 36, sì kọ̀ ọ́ fún wa. Kó tọrọ àforíjìn, kó sì jáwọ́. Bí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ náà bá ń dà á láàmú, kó kí rákà méjì Ìsítíkárà, ìyẹn ìrun tí a fi ń bẹ Ọlọ́hun pé kó yan èyí tó dára fún wa, kó ṣe àdúà rẹ̀ tí sàhábà Jabir gbà wá láti ọ̀dọ̀ Ànábì, kó bá àwọn tó mọ̀ nípa iṣẹ́ náà sọ̀rọ̀, kó sì ṣe èyí tó bá pinnu, láìretí àlá tàbí nọ́ńbà kankan. Áyà inú Súrà Húúdù náà, kó máa kà á ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ bó bá wù ú. Ìlérí rẹ̀ kò yí padà.

Ní ti àwọn tó pè é ní ọ̀ṣẹbọ, Ànábì sọ pé ẹni tó bá pe ọmọ ìyá rẹ̀ ní kèfèrí, ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì ni ọ̀rọ̀ náà yóò padà sí lórí. Kí wọ́n lọ bẹ̀ ẹ́ kí Jímọ̀ tó ń bọ̀ tó dé. Ọlọ́hun ló mọ̀ jùlọ.