Mo fẹ́ kàwé nípa àṣà Skọ́tlándì ní yunifásítì: ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo gboyè B.A. nínú èdè àti lítíréṣọ̀ Yorùbá ní Ifẹ̀, iṣẹ́ rédíò ni mo sì ń ṣe báyìí. Ó wù mí gan-an láti lọ kàwé sí i nípa àṣà àti ìṣe àwọn ará Skọ́tlándì. Bàbá mi ní ìnákúnàá ni, pé kí ni mo fẹ́ fi àṣà òyìnbó ṣe. Kí ni wọ́n ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ gan-an? Ṣé dandan ni kí n gbọ́ èdè Gaelic, èdè ìbílẹ̀ wọn? Yunifásítì wo ni kí n kọ̀wé sí, ṣé èèyàn sì lè rí oúnjẹ jẹ nídìí rẹ̀?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, o kú ìfẹ́ ẹ̀kọ́. Ibi tí wọ́n ń tọ́jú ohùn àwọn àgbà sí ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Skọ́tlándì níhìn-ín, nítorí náà ohun tí ojú mi ń rí ni mo fẹ́ sọ fún ọ. Bá mi kí bàbá. Ìbéèrè wọn tọ́, òun ni n ó sì kọ́kọ́ dáhùn.

Ohun tí wọ́n ń kọ́ni níbí ni bí a ṣe ń gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹni tó ni ín, bí a ṣe ń gbà á sílẹ̀ láì ṣẹ̀ ẹ́, àti bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀ kí ọmọ ọmọ rẹ̀ lè bá a. Ọdún 1951 ni Yunifásítì Edinburgh dá School of Scottish Studies sílẹ̀ fún iṣẹ́ yìí. Calum Maclean, ọmọ erékùṣù Raasay tí Gaelic jẹ́ èdè ìyá rẹ̀, ló kọ́kọ́ gbé ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ káàkiri fún wọn. Hamish Henderson náà tẹ̀ lé e. Ní 1953, Henderson ń béèrè ní Aberdeen pé ta ló mọ orin àtijọ́, wọ́n sì júwe ilé Jeannie Robertson fún un. Àwọn Travellers ni wọ́n bí obìnrin yìí sí, àwọn tó ń ti ibì kan dé ibòmíràn, tí wọ́n ń tún páànù àti kẹ́túlù ṣe, tí wọ́n ń ṣòwò ẹṣin, tí àwọn ará ìlú kì í sì fẹ́ bá da nǹkan pọ̀. Ẹnu rẹ̀ ni wọ́n ti bá àwọn orin ìtàn gígùn tí ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé rò pé inú ìwé nìkan ló kù sí. Sọ ìtàn yìí fún bàbá. Ìbéèrè nípa ẹni tí àṣà wà lọ́wọ́ rẹ̀, tí a kò kà sí, ni gbogbo ẹ̀kọ́ yìí dúró lé lórí.

Wọn yóò tún kọ́ ọ láti wádìí ohun tí gbogbo ayé gbà gbọ́. Wo ọ̀rọ̀ tartan, aṣọ irun àgùntàn onílà aláwọ̀ oríṣiríṣi tí àwọn ìlà rẹ̀ ń dábùú ara wọn. Lẹ́yìn ogun Culloden ní 1746, níbi tí àwọn ọmọ ogun ọba ti ṣẹ́gun àwọn ọlọ̀tẹ̀ tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ará òkè àríwá, ìjọba ṣòfin pé àwọn ọkùnrin òkè àríwá kò gbọdọ̀ wọ aṣọ ìbílẹ̀ wọn mọ́, àfi àwọn tó bá jẹ́ ọmọ ogun ọba. Ó di 1782 kí wọ́n tó ká òfin náà kúrò. Nígbà tí Ọba George Kẹrin bẹ Edinburgh wò ní 1822, Walter Scott, òǹkọ̀wé, ló ṣètò ayẹyẹ náà, tartan sì gba ìlú kan, ọba fúnra rẹ̀ wọ̀ ọ́. Èrò pé láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni ìdílé kọ̀ọ̀kan ti ní àwọ̀ tirẹ̀, sẹ́ńtúrì 19 ni èrò náà tó gbilẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá wá síbí láti gbọ́ ìtàn adùn-ún-gbọ́ nìkan, irú nǹkan báyìí á kọ́kọ́ bà á nínú jẹ́, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀.

Jẹ́ kí n fi ohun kan hàn ọ́ ní tòsí, kí o lè mọ bí iṣẹ́ kíláàsì ṣe ń rí. Ní àwọn erékùṣù Hebrides ní ìwọ̀ oòrùn Skọ́tlándì, bí wọ́n bá hun aṣọ irun àgùntàn tán, wọ́n á rẹ ẹ́ sínú ìtọ̀ tó ti pẹ́ nílẹ̀. Àwọn obìnrin á jókòó yí pákó gígùn kan ká, wọ́n á máa gbá aṣọ tútù náà mọ́ pákó, wọ́n á máa tì í sọ́wọ́ ẹni tó kàn, títí aṣọ á fi sún kì tí òtútù kò ní lè gbà á kọjá. Ẹnì kan ń lé orin, àwọn yòókù ń gbè é. Inú lílé ni ọ̀rọ̀ wà: olólùfẹ́ tó kú sómi, ọ̀tá ìdílé, oríyìn, èébú. Ègbè ní tirẹ̀ kún fún ìró lásán tí kò ní ìtumọ̀, síbẹ̀ ìró yìí kì í yẹ̀, òun ni wọ́n fi ń dá orin kan mọ̀ yàtọ̀ sí òmíràn. Bí wọ́n bá fún ọ ní irú orin yìí, wọ́n á ní kí o kọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sílẹ̀, kí o sọ ẹni tó kọ ọ́ àti ẹni tó wà níbẹ̀, kí o sì ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i nígbà tí ẹ̀rọ gba iṣẹ́ náà, tí orin wá di ti orí ìtàgé. Ẹni tó ti jókòó ti eléwì tàbí onírárà rí pẹ̀lú ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ kò ní ṣàjèjì sí i. Ìwọ ti ń ṣe é ní rédíò.

Ní ti ibi tí wàá lọ, Skọ́tlándì wo lo fẹ́ mọ̀? Bí ó bá jẹ́ ti àwọn elédè Gaelic, Edinburgh àti Glasgow ló dára jù. Bí ó bá jẹ́ ìlà oòrùn àríwá, níbi tí èdè Scots, tó bá Gẹ̀ẹ́sì tan, ti gbilẹ̀, Elphinstone Institute ní Yunifásítì Aberdeen, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1995, ni kí o wò, MLitt (oyè másítà) wọn nínú Ethnology and Folklore, ẹ̀kọ́ nípa àṣà àti ìtàn àbáláyé, sì bá ìwọ gan-an mu lójú tèmi. Àwọn tó ń gbé àdúgbò náà lónìí ni ẹ̀kọ́ wọn kàn. Epo rọ̀bì abẹ́ Òkun Àríwá ti kó ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà dé Aberdeen, kò sì sí ohun tó ní kí o má fi ìgbésí ayé wọn ṣe àkọlé iṣẹ́ ìwádìí rẹ. UHI, ìyẹn University of the Highlands and Islands, ń fi íntánẹ́ẹ̀tì kọ́ni nípa àwọn erékùṣù Orkney àti Shetland, ìyẹn á dín ìnáwó kù. Bí ó bá jẹ́ fèrè alápò lo fẹ́ fọn, Royal Conservatoire ní Glasgow ni.

Gaelic kì í ṣe dandan fún gbogbo ẹ̀ka o, ṣùgbọ́n kọ́ ọ. Nínú ètò ìkànìyàn 2022, ìdá 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ará Skọ́tlándì ló ní òye rẹ̀ díẹ̀ tàbí púpọ̀, nítorí náà ẹni tó gbọ́ ọ níyì nídìí iṣẹ́. Òfin tuntun ti 2025 sì ti sọ òun àti Scots di èdè tí ìjọba fọwọ́ sí. Ọ̀fẹ́ ni ti Duolingo, áàpù ìkọ́ èdè orí fóònù. Sabhal Mòr Ostaig, kọ́lẹ́ẹ̀jì elédè Gaelic ní erékùṣù Skye, ní kọ́ọ̀sì tí èèyàn lè ṣe láti ilé.

Ṣọ́ra fún orúkọ oyè. Ní Edinburgh, Glasgow, Aberdeen àti St Andrews, «MA (Hons)» jẹ́ oyè àkọ́kọ́ ọlọ́dún mẹ́rin. Ìwọ tí o ti ní B.A., MLitt, MSc tàbí MPhil ni kí o máa wá, ọdún kan ni púpọ̀ nínú wọn.

Ní ti físà, owó gbọ́dọ̀ wà ní báńkì fún ọjọ́ 28 gbáko kó tó di pé o kọ̀wé, wàá sì ṣe àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ. Láti oṣù Kìíní 2024, akẹ́kọ̀ọ́ másítà oníkíláàsì kò lè mú ọkọ tàbí ọmọ dání mọ́. Àǹfààní láti dúró ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ẹ̀kọ́ jẹ́ ọdún méjì, yóò sì di oṣù 18 fún ẹni tó bá tọrọ rẹ̀ láti oṣù Kìíní 2027.

Iṣẹ́ kò pọ̀, n kò ní tàn ọ́. Àwọn tó ń gbani ni ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí, ilé ìkówèépamọ́, BBC Alba (tẹlifíṣọ̀n elédè Gaelic) àti ilé ẹ̀kọ́ tó ń fi Gaelic kọ́ni, àwọn méjì tó gbẹ̀yìn yìí sábà máa ń fẹ́ ẹni tó gbọ́ èdè náà. Ní 2024 ni Brítéènì tó wọnú àdéhùn UNESCO lórí àṣà àfẹnusọ àti ìṣe ìbílẹ̀, àdéhùn kan náà tí Ifá àti Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wà nínú àkójọ rẹ̀. Èmi ṣì rò pé ilé ni iṣẹ́ yìí ti wúlò jù. Téèpù ewì, ìjálá àti ìtàn tó wà ní àwọn ilé iṣẹ́ rédíò wa ń bàjẹ́ lọ, ẹni tó kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbà wọ́n là kò sì tó nǹkan.

Kó o tó náwó kankan, lọ sí ìkànnì Tobar an Dualchais. Ọ̀fẹ́ ni, ohùn àwọn tí Maclean àti Henderson gbà sílẹ̀ wà níbẹ̀. Gbọ́ ọ fún bí oṣù kan, mú ẹyọ kan tó bá mú ọ lọ́kàn. Nígbà tó o bá ń kọ lẹ́tà sí yunifásítì, orí ẹyọ yẹn ni kí o ti bẹ̀rẹ̀, kí o wá sọ irú èèyàn tí o ti gba ohùn wọn sílẹ̀ ní rédíò, èdè tí wọ́n sọ, àti ibi tí téèpù náà wà báyìí.