Ṣé kí Ògbómọ̀ṣọ́ bèèrè tíréènì ìgboro lọ́wọ́ ìjọba?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wa, lọ́nà Under G ní Ògbómọ̀ṣọ́. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, láti Under G dé Tákíè kì í ṣe é rìn mọ́: Micra, kẹ̀kẹ́ Maruwa àti ọ̀kadà á há síbì kan. Àwọn ọmọ wa tó wà l'Ékòó ń wọ tíréènì lọ síbi iṣẹ́. A ti fẹnu kò pé ká kọ̀wé sí ìjọba kí wọ́n ṣe tiwa, láti Under G gba Tákíè lọ sí Sábó. Kí ló yẹ kó wà nínú ìwé náà?

Ìdáhùn: Akọ̀wé, ẹ kú àmójútó ìlú. Ẹ má bèèrè tíréènì ìgboro báyìí. Ọ̀rọ̀ ojú irin kan wà tó yẹ kí ẹ tètè dì mú, màá débẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣírò.

Nídìí iṣẹ́ wa, ìyẹn iṣẹ́ ètò ìrìnnà, pé ọ̀nà há kò tíì sọ nǹkan kan fún wa. Ohun tá a fẹ́ mọ̀ ni iye èèyàn tó ń gba ọ̀nà náà kọjá sí apá kan ṣoṣo, láàárín wákàtí tí èrò pọ̀ jù. Ká ní Micra kan ń kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá mẹ́wàá, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan kó èèyàn márùn-ún. Ọkọ̀ 360 ló máa kọjá ní wákàtí kan, èèyàn 1,800. Bọ́ọ̀sì ńlá tó gba 60, tó bá ń kọjá ní ìṣẹ́jú méjì méjì, á kó iye èèyàn yẹn gan-an, ọkọ̀ 30 péré sì ni. Tíréènì tó gba 800, ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá, á kó 4,800. Bó bá jẹ́ 1,800 lẹ ní, ju ìdajì tíréènì yẹn ló máa ṣófo, nígbà tí èrò pọ̀ jù pàápàá. Ta ló máa wá san owó iná, owó àtúnṣe àti owó oṣù òṣìṣẹ́ ní ọ̀sán gangan tí kò sẹ́ni tó wọ̀ ọ́?

Èkó tí ẹ ń wò yẹn náà, ojú rẹ̀ rí nǹkan. Metroline, tíréènì ìgboro tí gómìnà Jakande fẹ́ ṣe, ìjọba ológun fagi lé e ní 1985. Iṣẹ́ Blue Line, tíréènì ìgboro tí wọ́n wá ṣe lẹ́yìn náà, bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí 2010, àmọ́ ọjọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án 2023 ni èrò tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀ ọ́, láti Marina dé Mile 2, kìlómítà 13, ibùdó márùn-ún. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀, ìgbà 12 ló ń rìn lóòjọ́. Nígbà tí wọ́n fi iná mànàmáná sí i lóṣù tó tẹ̀ lé e, ó di 54. Kò sẹ́ni tó fi ẹsẹ̀ kan kún ojú irin náà, síbẹ̀ ó dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, torí ẹni tó bá pàdánù ọ̀kan kò ní jókòó pẹ́ kí òmíràn tó dé. Ti Abuja ńkọ́? Wọ́n ṣí i ní 2018, ó dúró ní 2020, ó di oṣù Karùn-ún 2024 kó tó tún gbéra, lẹ́yìn tí wọ́n la ọ̀nà dé àwọn ibùdó tó jìnnà sí ilé àwọn èèyàn.

Ọ̀rọ̀ ibùdó yìí ni mo fẹ́ kí ìwé yín dúró lé lórí. Ojú irin àtijọ́ dé Ìbàdàn ní 1901, ó yà gba Òṣogbo, ó gba Ọ̀fà lọ sí Ìlọrin, ó fi Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ sílẹ̀. Ti ìgbàlódé láti Èkó dé Ìbàdàn, kìlómítà 157, wọ́n ṣí i ní oṣù Kẹfà 2021, ó sì yẹ kó máa lọ sí Kánò. Bó bá ya ọ̀dọ̀ yín, tàbí bí ẹ̀ka rẹ̀ kan bá dé, ibo ni ibùdó máa wà? Ẹ bi ará Ìbàdàn tó ń gbé ní Challenge: Móníyà ni ibùdó tiwọn, odindi ìlú ló máa là kọjá kó tó wọ tíréènì.

Nítorí náà, ẹ ní kí ìjọba rán awọnlẹ̀ wá, kí wọ́n fi èèkàn sí ilẹ̀ ojú irin àti ti ibùdó nísinsìnyí, níbi tí Micra lè tètè dé, kí gáréèjì sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Tíréènì kì í lè yà lójijì, kì í sì í gun òkè gíga. Bí ilé bá ti kún, wíwó ló kù. Ẹ tún kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí ojú irin má dábùú ọ̀nà Ìlọrin láìsí afárá. Fún Red Line, tíréènì ìgboro kejì wọn, Èkó ní láti kọ́ afárá fún mọ́tò ní Ìkẹjà, Mushin, Yaba àti Oyingbo. Èèkàn yìí máa dá ìjà sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́ yín o, torí ilẹ̀ àwọn kan lè bọ́ sí i. Ẹ bèèrè owó gbà-má-bínú fún wọn. Owó oko kò tó owó ilé alájà méjì. Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ fún yín pé ìjọba àpapọ̀ l'Abuja nìkan ló ni rélùwéè. Láti oṣù Kẹta 2023 ni àtúnṣe ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti fún ìpínlẹ̀ náà lágbára lórí rẹ̀.

Ti há-há Tákíè kò ṣòro tó bẹ́ẹ̀. Ibi tí Micra ti ń dúró kó èrò lójú títì ló ń fa púpọ̀ nínú rẹ̀. Àyè ìdúró tó yà kúrò lójú ọ̀nà, àti bọ́ọ̀sì ńlá díẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì LAUTECH láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, á dín in kù. Ẹ bá ẹgbẹ́ awakọ̀ sọ̀rọ̀ kí ẹ tó kọ ìyẹn o, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọn ò ní gbà.

Kí ẹ tó kọ̀wé, ẹ fi ọ̀dọ́ méjì sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ní aago méje sí mẹ́jọ àárọ̀, àti mẹ́rin sí márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Ọjọ́ Ajé kan àti Ọjọ́rú kan tí LAUTECH wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ ni kẹ́ ẹ lò. Kí ẹnì kan máa ka ọkọ̀, irú kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, kí èkejì máa ka orí èèyàn. Ẹ so ìwé kíkà náà mọ́ lẹ́tà, ẹ fi ránṣẹ́ sí kọmíṣánnà ètò ìrìnnà ní Sẹkitéríàtì Agodi n'Ìbàdàn, kí ẹ̀dà rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ aṣojú yín nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ àti ààfin Ṣọ̀ún.