Wọ́n gé kókó ọrùn mi lẹ́ẹ̀mejì, ó tún hù. Ṣé kí n ṣègbéyàwó ná?

Ọmọ mi ní Abẹ́òkúta,

O ní ilé ìwòsàn aládàáni kan gé kókó ẹ̀yìn ọrùn rẹ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ní kílọ́ìdì ni, wọ́n sì dà á nù láìyẹ̀ ẹ́ wò. Nígbà tó tún hù, ilé ìwòsàn ńlá yẹ̀ ẹ́ wò, èsì sì ní dermatofibrosarcoma protuberans ni, ìyẹn irú jẹjẹrẹ awọ kan. Wọ́n fẹ́ gé e fẹ̀ dáadáa, kí wọ́n fi awọ itan bò ó. Ìyá àfẹ́sọ́nà rẹ ní àrùn ìdílé ni, ìwọ náà wá fẹ́ kí iṣẹ́ abẹ dẹ̀yìn ìgbéyàwó.

Jọ̀ọ́, má dúró. Jẹjẹrẹ ni, àmọ́ kì í yára dàgbà, kì í sì í sábà tàn dé ẹ̀dọ̀fóró. Wàhálà rẹ̀ ni pé ó máa ń na ẹ̀ka sábẹ́ awọ kọjá ibi tí ọwọ́ lè fi mọ̀ ọ́n. Èyí tí ojú rí ni wọ́n gé. Èyí tó kù lábẹ́ ló ń hù. Ẹnikẹ́ni kò fi ṣe ọ́. Ìdí nìyẹn tí dókítà fi fẹ́ gé sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3 kọjá etí kókó náà yí ká. Bi wọ́n léèrè: ṣé wọ́n á yẹ etí ibi tí wọ́n gé wò, kó dá wọn lójú pé jẹjẹrẹ kò kù níbẹ̀, kí wọ́n tó fi awọ bò ó? Má tijú láti bi wọ́n, ìbéèrè yìí ṣe pàtàkì ju ti àpá lọ.

Ohun mìíràn tún wà: wọ́n ti rí i pé ó lè yára dàgbà nínú oyún. Ìwọ tó ń gbèrò ọmọ, ṣé o rí i?

Kì í ṣe àjogúnbá, kì í sì í ràn. Apá kan lára kúrómósómù 17 àti 22 (àwọn okùn tó ń gbé àbùdá nínú sẹ́ẹ̀lì) ló pààrọ̀ àyè pẹ̀lú ara wọn, nínú kókó yẹn nìkan. Kò kan ọmọ tí o máa bí. Ṣùgbọ́n má lọ bá ìyá ọkọ rẹ jiyàn. Mú àfẹ́sọ́nà rẹ dání lọ sọ́dọ̀ dókítà, kó fetí ara rẹ̀ gbọ́, kó lọ ṣàlàyé fún ìyá rẹ̀. Bó bá kọ̀ láti bá ọ lọ, kọ̀wé sí mi kíákíá.

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, máa lọ fi ojú àpá náà han dókítà lóṣù mẹ́fà mẹ́fà, pàápàá ní ọdún 3 àkọ́kọ́. Sọ fún onídìrí rẹ pé bí ọwọ́ rẹ̀ bá kan ohun líle níbẹ̀, kó wí fún ọ lójú ẹsẹ̀.