Owó ọmọ lọ́tọ̀, rírí ọmọ lọ́tọ̀

Àbúrò mi ní Ìkòròdú, o ní ọmọbìnrin rẹ ti pé ọdún 3, ìwọ àti bàbá rẹ̀ kò fẹ́ra, kò sì fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ fún oṣù 5 gbáko. Ìwọ náà wá fi ọmọ dù ú. Ní báyìí, bàbá náà ní òun kọ́ ló ni ọmọ.

Ó yẹ kó bí ọ nínú. Síbẹ̀, jọ̀ọ́, ṣílẹ̀kùn fún un. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti Ìpínlẹ̀ Èkó, ti ọdún 2007, sọ pé ọmọ lẹ́tọ̀ọ́ kí àwọn òbí rẹ̀ gbọ́ bùkátà rẹ̀ bí agbára wọn bá ṣe mọ. Ẹ̀tọ́ ọmọ ni, kì í ṣe owó tí bàbá fi ń ra rírí ọmọ lọ́wọ́ rẹ. Bí ẹ bá dé kóòtù, ọmọ tí o fi dù ú yìí ni lọ́yà rẹ̀ yóò kọ́kọ́ dì mú. Àfi bó bá ti na ìwọ tàbí ọmọ rí: sọ ìyẹn lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Ní ti DNA, àyẹ̀wò tó ń fi hàn bóyá òun ni bàbá ọmọ, má jẹ́ kó dá mú ọmọ lọ. Òwú ni wọ́n fi ń nu inú ẹ̀rẹ̀kẹ́, kò dunni. Ṣùgbọ́n ta ló máa mọ ẹnu ẹni tí wọ́n nù? Ẹ jọ lọ, kí òṣìṣẹ́ kọ orúkọ sára àpò, kó sì lẹ̀ ẹ́ pa lójú yín. Bó bá kọ̀, kóòtù ẹbí lè pàṣẹ rẹ̀. Bó bá tún kọ àṣẹ náà, adájọ́ lè ka kíkọ̀ rẹ̀ sí i lọ́rùn.

Kó o tó dé kóòtù, lọ sí Citizens' Mediation Centre, níbi tí wọ́n ti ń bá èèyàn parí aáwọ̀, tàbí Office of the Public Defender, ọ́fíìsì àwọn lọ́yà ìjọba. Ti ìjọba Èkó ni méjèèjì, ọ̀fẹ́ ni. Mú ìwé ìbí ọmọ dání, àti rìsíìtì ilé-ìwé àti ti ilé ìwòsàn. Wo àwọn alert àtijọ́ náà: èyí tó kọ “owó ọmọ mi” sí wúlò gan-an.

Bí ẹ bá ń kọ àdéhùn níbẹ̀, “yóò máa ṣèrànwọ́” ló ń bà á jẹ́. Ẹ kọ iye owó, ọjọ́ tó máa wọlé, nọ́ńbà àkáǹtì, ẹni tó máa san owó ilé-ìwé àti ti oògùn. Má gba owó ní ọwọ́ sí ọwọ́ rárá, inú àkáǹtì ni kó máa san án sí.

Ọmọ tí kò tíì rí bàbá rẹ̀ láti ọjọ́ yìí lè sunkún bí wọ́n bá gbé e lọ sùn níbòmíì. Ẹ fi wákàtí 2 bẹ̀rẹ̀ ní Sátidé, nílé ìyá rẹ, kí ife tó fi ń mu omi wà nítòsí. Bó bá ti mọ́ ọn lára, ẹ fi kún un.

Kí ẹ jẹ́ kí kóòtù sọ ìwé àdéhùn náà di àṣẹ. Oṣù tí owó kò bá wọlé, kọ ọjọ́ rẹ̀ sílẹ̀, padà sí ọ́fíìsì náà, ṣùgbọ́n jẹ́ kó rí ọmọ rẹ̀ ní Sátidé.