Kí ló ń mú kí awọ polystyrene (irú ike kan) fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ hunjọ lórí omi?

Bí awọ tó nípọn tó 100 nánómítà (nánómítà kan jẹ́ ìdá kan nínú bílíọ̀nù mítà) bá hunjọ kí ẹ tó kán nǹkan kan sí i, ẹ yẹ omi yín wò fún ọṣẹ. Ojú omi tó mọ́ ló ń fa etí awọ náà yíká tó fi tẹ́ pẹrẹsẹ. Ọṣẹ ń dín fífà yẹn kù. Láti gbé awọ náà sórí omi, ẹ fi abẹ fa ìlà yí i ká níbi tó lẹ̀ mọ́ gíláàsì, kí ẹ dagun gíláàsì náà bọ omi díẹ̀díẹ̀. Omi á yọ́ wọ abẹ́ rẹ̀, á ṣí i. Ẹ bá kánjú, yóò ya.

Ẹ̀kán omi láàárín rẹ̀ náà ń hun ún bíi sípóòkù kẹ̀kẹ́, nítorí etí ẹ̀kán ń fà á wọnú. Ìyẹn kì í ṣe àṣìṣe, iye ìhunjọ sì ń tẹ̀lé bí awọ ṣe nípọn tó: bí awọ bá nípọn ní ìlọ́po méjì, ìhunjọ 10 á ku bíi 6.